Kí Màmá tó wọ tíátà: ìdáhùn fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ orúnkún

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyá wa ti pé ọdún 68, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí orúnkún ọ̀tún ti ń dà wọ́n láàmú, ẹsẹ̀ náà sì ti wọ́ báyìí. Dókítà ní ká pààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n tún ń lo àgúnmu kan tí wọ́n ń rà lọ́jà, wọ́n ní òun nìkan ló ń jẹ́ kí àwọn rí oorun sùn, wọ́n sì kìlọ̀ pé ká má sọ fún dókítà. Kí ló yẹ ká ṣe kí ọjọ́ náà tó pé? Ohun tó ń ká Alhaja, ìyá wa, lára jù ni pé bóyá àwọn ò ní lè kúnlẹ̀ kí èèyàn mọ́, àwọn ò sì ní lè foríkanlẹ̀ kírun."

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun fún. Mo ti gba ọ̀pọ̀ ìyá bíi tiyín wọlé, mo ti sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, mo sì ti dì wọ́n mú ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lórí orúnkún tuntun. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, àgúnmu yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù.

Àgúnmu tó bá ń lé ìrora orúnkún lọ kíákíá, tó ń jẹ́ kéèyàn sùn, tó tún ń jẹ́ kó máa jẹun dáadáa, ewé àti egbò nìkan kọ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò ní láàbù lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n bá oògùn òyìnbó tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn: dexamethasone, prednisolone tàbí diclofenac. Ẹ wo ojú Màmá dáadáa. Ṣé ó ti ń rí roboto ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé ikùn ń yọ, tí apá àti itan wá ń tín-ín-rín? Ṣé wọ́n kàn máa fara gbún nǹkan díẹ̀ ni, tí ibẹ̀ á dúdú? Ṣé ṣúgà wọn ń gòkè bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pa oògùn jẹ? Tí ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àgúnmu yẹn ló ń ṣe é.

Àmọ́ o, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn kí ẹ lọ dà á nù lónìí. Mo mọ̀ pé ohun tó máa wá sí yín lọ́kàn nìyẹn. Ẹ̀yà kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó ń pèsè irú èròjà kan náà tó wà nínú prednisolone fún ara lójoojúmọ́. Tó bá ti pẹ́ téèyàn ti ń gbé e mì láti ìta, ẹ̀yà yẹn á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wá dá a dúró lójijì, tàbí tó wọ tíátà láìsọ, ara rẹ̀ ò ní rí ohun tó máa fi gba ìnira iṣẹ́ abẹ mọ́ra. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá mọ̀ ṣáájú, ó lè rọra máa dín in kù, ó sì lè fi abẹ́rẹ́ dí àlàfo náà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé yanjú ni, tí a bá ti mọ̀.

Màmá kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni a gbà wọ́n wọlé, gbogbo oògùn ṣúgà tí à ń fún wọn, ṣe ló dà bíi pé à ń da omi sápẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, mo lọ wo ìfúnpá wọn, mo bá wọn ní ìjókòó létí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn. Wọ́n ti tú etí ìró wọn, wọ́n ń da ẹ̀tù kan tó rí rẹ́súrẹ́sú sí àtẹ́lẹwọ́. Wọn ò sá, wọn ò sì purọ́. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rù ló ń bà mí pé mi ò ní lè sùn." Mo jókòó tì wọ́n títí tí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ abẹ náà ò wáyé lọ́sẹ̀ yẹn, oṣù méjì ni wọ́n sún un síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìrora ló ń jẹ́ kí àwọn ìyá wa fi nǹkan pa mọ́, kì í ṣe agídí. Tí ẹ bá fẹ́ kí Alhaja gbà, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà á fún wọn ní oògùn ìrora tí kò ní pa ṣúgà àti kíndìnrín wọn lára, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fún wọn lóòótọ́.

Ẹ mú ọ̀rá kan, kí ẹ kó gbogbo ohun tí Màmá ń gbé mì, tí wọ́n ń fi para àti èyí tí wọ́n ń kán sójú sínú rẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ṣúgà, àgúnmu, ìgò àgbo, ibi yòówù tí wọ́n bá fi pa mọ́ sí o, ẹ yọ ọ́ wá. Ẹ gbé e lọ fún dókítà àti dókítà akunnilóorun báyìí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì wà, kó má jẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere, bíi aspirin, clopidogrel àti warfarin, ní ọjọ́ tí wọ́n ń dá wọn dúró, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè sọ ọjọ́ náà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé dídá a dúró ló máa ṣe wọ́n léṣe. Diclofenac àti ibuprofen, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kéèyàn fi wọ́n sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àgbo àti ááyù tí wọ́n ń jẹ bí oògùn, wọ́n á ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà jù.

Ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè méjì yìí, ní pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gún wọn lábẹ́rẹ́ sínú orúnkún náà láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ṣé wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i? Abẹ́rẹ́ orúnkún tó bá súnmọ́ iṣẹ́ abẹ jù máa ń mú kí kòkòrò àìsàn ráyè wọlé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dókítà máa ń dúró kó pé oṣù mẹ́ta. Ojú gbẹ́rẹ́ tí kò tíì jinná náà, ẹnu ọ̀nà ni fún kòkòrò. Tí ẹbí kan bá fẹ́ wá ṣe ìrànlọ́wọ́ lọ́nà yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ pé ó tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kòkòrò fi le tó bẹ́ẹ̀. Kerekere tó bo orí egungun ló ti jẹ tán nínú orúnkún Màmá, tí egungun wá ń ha egungun. Oníṣẹ́ abẹ á gé orí egungun itan àti orí egungun ojúgun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fi irin dé wọn ládé, á sì fi rọ́bà líle kan sáàárín kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan sí méjì ni. Irin yẹn ò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Tí kòkòrò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ò lè gbé oògùn dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì lè di pé kí wọ́n tún ẹsẹ̀ là, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ojú rẹ̀ máa ń rí tó.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí kòkòrò lè fara pa mọ́ sí lára Màmá kí ọjọ́ tó pé. Eyín tó jẹrà tàbí èrìgì tó ń wú, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí, kó lè jinná. Tí ìtọ̀ bá ń ta wọ́n, ẹ sọ. Ẹ tú ìbọ̀sẹ̀ wọn, kí ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Alhaja wa tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, omi sábà máa ń dúró sáàárín ìka, awọ á rọ̀, á funfun, á sì là. Aṣọ inura kékeré kan tí wọ́n á máa fi nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ńlá ló máa ṣe. Gìgísẹ̀ tó là náà, ẹ máa fi òrí pa á lálaalẹ́.

Lórí ṣúgà, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kì í fẹ́ kó kọjá 7.5 tàbí 8. Ẹ béèrè iye tí ti Màmá jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ga, tí wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú, ẹ má bínú sí wọn, ojú ọgbẹ́ tó wà nínú ara tí ṣúgà pọ̀ sí kì í tètè jinná. Ẹ tún béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe wà lára wọn tó. Tó bá kéré, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó láti gbé e sókè díẹ̀ pẹ̀lú oògùn irin tí dókítà bá kọ, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tí wọn ò bọ̀ jù. Ẹ má fi ebi pa Màmá nítorí kí wọ́n lè fọn. Ara tó fẹ́ gba ọgbẹ́ nílò oúnjẹ tó ń mú ara jinná. Tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ tètè pe àwọn ọmọ àti àna jọ, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í kà sí rèé: iṣan itan. Orúnkún tó ti ń dunni fún ọdún mẹ́jọ, a kì í lò ó dáadáa, iṣan tó wà níwájú itan á ti rọ. Irin kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, iṣan ló ń gbé e. Kí Màmá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ká aṣọ inura bí òṣùká sábẹ́ kókósẹ̀, kí wọ́n wá fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ pa kòkòrò tó wà níbẹ̀, kí wọ́n ka ení dé àrún kí wọ́n tó sọ ọ́. Mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá lálẹ́. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé itan wọn, ẹ máa gbọ́ bí iṣan ṣe ń ki lábẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó lórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ náà síwájú, kí wọ́n dì í mú díẹ̀, kí wọ́n gbé e wálẹ̀. Ẹ má gbàgbé apá: kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ apá àga, kí wọ́n gbé ìdí sókè díẹ̀. Apá yẹn ni wọ́n máa fi di wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, mú lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Ẹ lọ yá wọ́kà wá ṣáájú, kí wọ́n fi rìn nínú pálọ̀, kó má jẹ́ pé inú ìrora ni wọ́n máa ti kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin náà, ẹ rìn kiri inú ilé pẹ̀lú ojú ẹni tó ń fi wọ́kà rìn. Kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń yọ̀, ẹ ká a kúrò. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá Màmá wà, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sísàlẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ṣálángá ni ẹ ń lò, ẹ rí i pé ohun tí wọ́n máa jókòó lé lórí wà kí wọ́n tó padà délé, torí wọn ò ní lè lóṣòó. Iná ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? NEPA á mú iná lọ lóru, ó dájú, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lè so mọ́ wọ́kà.

Ọjọ́ mélòó kan tó ṣáájú, ẹ fi ọṣẹ tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ rà wẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá ṣe sọ. Ẹ má fi abẹ fá irun ẹsẹ̀ nílé, ojú abẹ tí ẹ ò lè rí lójú lásán ni kòkòrò ń gbà wọlé, a ní ohun tí a fi ń gé e ní tíátà. Kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ má wá lé làálì fún wọn láti fi yẹ́ wọn sí, kí wọ́n má sì kun èékánná. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń há mọ́ ìka láti fi mọ bí atẹ́gùn ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ tó, àwọ̀ dúdú lórí èékánná lè dí i lójú. Òrùka, yẹtí àti eyín àtọwọ́dá, ilé ni kí wọ́n wà. Tí ẹsẹ̀ náà bá ní egbò tuntun, tàbí Màmá bá ń húkọ́, tí ara wọn gbóná, ẹ tẹ ilé ìwòsàn yín láago kí ẹ tó gbéra.

Oúnjẹ, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ jáwọ́. Omi lásán, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń gbà á títí di wákàtí méjì ṣáájú, àwọn mìíràn sì ní ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́fun láti ọ̀gànjọ́. Èyí tí tiyín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ògì díẹ̀ láti fi ta ebi, oúnjẹ ni o! Ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa lò nínú oògùn àárọ̀ àti èyí tí wọn ò ní lò, pàápàá oògùn ṣúgà, torí ẹni tí kò jẹun tó sì lo oògùn ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò fún orúnkún, láti ìdí lọ sísàlẹ̀ á kú tipiri fún wákàtí mélòó kan. Ẹ sọ fún Màmá ṣáájú pé wọ́n lè máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ àti ìró òòlù díẹ̀díẹ̀, kó má bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ gba ìkìlọ̀ méjì tí mo máa ń ṣe títí ohùn á fi há. Tí wọ́n bá ti gbé Màmá dé wọ́ọ̀dù, ìfẹ́ máa mú kí ẹnìkan nínú yín fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún wọn torí ó ń tù wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Orúnkún tó bá sùn ní kíká á kọ̀ láti nà mọ́, wọ́n á sì máa tiro lórí irin olówó gọbọi. Abẹ́ kókósẹ̀ ni kí ìrọ̀rí wà. Èkejì: tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n, ẹ má gbé omi gbígbóná àti àbọ́níkì, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè wà níbẹ̀, tí ẹ bá ń wọ́ ọ, ó lè ṣí nípò lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ pé mímí ń nira fún wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Kí n tó dé orí kíkúnlẹ̀, ẹni tó bá ń ka èyí nítorí pé egungun ìbàdí ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fún un, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí jínótáìpù yín jẹ́ SS, tí ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan yín mọ́, ìmúra tiyín ní ohun tó lé sí i: kí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yín wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa mu omi dáadáa, kí ara yín má tutù. Ẹ sì máa yẹra fún àpótí kúkúrú àti fífi ẹsẹ̀ kọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí wọ́n bá ṣe kọ́ yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń ba Alhaja nínú jẹ́. Mi ò ní tàn wọ́n. Orúnkún tuntun sábà máa ń ká dé ìwọ̀n dígírì 110 sí 120. Láti jókòó lórí àga, 90 tó. Láti fi ìdí lé gìgísẹ̀ bí a ṣe ń jókòó lórí ìrun, ó tó nǹkan bí 150, kò sì wọ́pọ̀ kí orúnkún onírin dé ibẹ̀. Nítorí náà, orí àga ni Alhaja máa ti máa kírun, wọ́n á máa tẹ orí síwájú fún ìforíkanlẹ̀. Àánú wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà, Lèmọ́mù yín á ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ju bí èmi ṣe lè ṣe é lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá Màmá sọ ọ́ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹnu wọn ló máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Kíkúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí èèyàn yàtọ̀ síyẹn. Kò ní fọ́ irin náà. Ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn ni pé ojú àpá máa ń dùn wọ́n, ẹ̀gbẹ́ kan orúnkún á sì kú, bíi pé kì í ṣe awọ ara wọn. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, tí dókítà bá ti gbà, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì, kó tó kan ìrọ̀rí nílẹ̀. Àwọn kan á padà máa kúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í wù mọ́. Ẹ tètè sọ fún àwọn ẹbí ọkọ wọn nísinsìnyí pé títẹrí ba lásán ni Màmá á máa fi kí wọn, kí ojú má tì wọ́n lọ́jọ́ ìnáwó. Mo ti rí ìyá tó fi tipátipá kúnlẹ̀ fún àna lọ́sẹ̀ kẹrin, tí ojú ọgbẹ́ sì là.

Tí wọ́n bá béèrè bóyá ìnira yìí yẹ ní ọjọ́ orí wọn, ẹ sọ fún wọn pé ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé nínú 100 orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ báyìí, nǹkan bí 82 ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ wá àga ìkírun náà: èyí tó ní apá, tí kì í yí, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Kí Alhaja jókòó lé e láti ìrun àsùbáà ọ̀la, kó lè ti mọ́ wọn lára kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé.